Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Géèmù PlayStation Àtijọ́ Lórí R36S

Mo ra R36S, ẹ̀rọ géèmù kékeré tí a ń fi ọwọ́ dì mú. Wọ́n ní káàdì tó bá a wá kì í tọ́jọ́, ni mo bá ra òmíràn, mo sì fi ArkOS, ètò Linux tó ń darí ẹ̀rọ náà, sórí rẹ̀. Iná ẹ̀rọ ń tàn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? (Òǹkàwé kan, Òṣogbo)

Kò bàjẹ́. Ojú oríṣiríṣi ni wọ́n ń lò fún R36S. Ẹ̀rọ méjì tí ẹ rà lọ́jọ́ kan náà lè má ní irú kan náà. Fáìlì kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .dtb ló ń sọ irú ojú tó wà níbẹ̀ fún Linux. Bí èyí tó bá ArkOS wá kò bá bá ojú ẹ̀rọ yín mu, ẹ̀rọ á máa ṣiṣẹ́, ẹ ò kàn ní rí nǹkan kan.

Ẹ ki káàdì àkọ́kọ́ bọ kọ̀ǹpútà, ẹ ṣí ìpín tó ń jẹ́ BOOT, kí ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì .dtb tó wà níbẹ̀. Ẹ kó wọn sí BOOT ti káàdì tuntun, kí wọ́n rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀. Windows á ní kí ẹ fọ́máàtì díìsìkì kan: ẹ má gbà. Ìpín ext4 tí Linux ń lò ni kò lè kà. Bí ẹ bá gbà fún un, ArkOS ti lọ nìyẹn. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ, á máa fẹ ìpín géèmù rẹ̀, á sì tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ má pa á.

Bí ó bá ṣì dúdú lẹ́yìn èyí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ayédèrú R36S tí bọ́ọ̀dù rẹ̀ yàtọ̀. ArkOS tí wọ́n ṣe fún irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ ni ẹ máa wá.

Ní ti káàdì, ẹ fi ètò H2testw ti Windows yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i (F3 ni ti Linux). Káàdì tí wọ́n kọ 128 GB sí lára lè má ju 8 GB lọ, fáìlì tuntun á sì máa pa ti àtijọ́ rẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Géèmù SNES (ẹ̀rọ Nintendo àtijọ́) ń ṣí, ṣùgbọ́n ti PlayStation ń dá mi padà sí mẹ́nù. Ọ̀kan ṣoṣo tó ṣí kò ní orin. (Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta)

Nǹkan méjì ni. Àkọ́kọ́ ni BIOS, ètò kékeré tí PlayStation fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Géèmù Amẹ́ríkà ń fẹ́ scph5501.bin, ti Japan scph5500.bin, ti Yúróòpù scph5502.bin. Inú fóldà bios gan-an ní EASYROMS (ìpín géèmù lórí káàdì) ni ẹ máa kó wọn sí, kì í ṣe inú psx (fóldà géèmù PlayStation), kí orúkọ wọn sì jẹ́ lẹ́tà kékeré pátápátá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ jẹ́ 524,288 báìtì géérégé. Bí ẹ bá fi md5sum (àṣẹ tó ń ṣírò àmì ìdánimọ̀ fáìlì) wo scph5501.bin, 490f666e1afb15b7362b406ed1cea246 ni ó yẹ kó jáde. PCSX-ReARMed, ètò tó ń ṣí géèmù PlayStation, lè ṣiṣẹ́ láìsí BIOS, ṣùgbọ́n àwọn géèmù kan á dì. Sony ló ni BIOS. Láti inú PlayStation tiyín ni kí ẹ ti yọ ọ́.

Ìkejì ni .cue. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan díìsìkì wà nínú .bin, fáìlì tí géèmù fúnra rẹ̀ wà. Orin ọ̀pọ̀ géèmù wà ní ìpín tirẹ̀ bíi ti CD orin, nítorí náà ẹni tó bá ṣí .bin nìkan á gba géèmù, orin ò ní sí. Bí ẹ bá sì ti yí orúkọ .bin padà, ẹ fi Notepad ṣí .cue, kí ẹ tún orúkọ tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ FILE kọ kó lè bára mu.

Èyí tí àwa fẹ́ràn jù ni kí ẹ sọ .cue àti .bin di CHD, irú fáìlì díìsìkì tí a fún pọ̀. Ní Ubuntu, ẹ fi mame-tools sí i, kí ẹ kọ:

chdman createcd -i geemu.cue -o geemu.chd

Fáìlì kan ṣoṣo ni á kù, á kéré sí ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní sọ nǹkan kan nù.

Final Fantasy VII ní díìsìkì 3. Díìsìkì 2 kò rí ibi tí mo bá eré dé. (Òǹkàwé kan, Ìlọrin)

Orúkọ fáìlì tí ẹ ṣí ni RetroArch, ètò tí ArkOS fi ń ṣí géèmù, fi ń sọ káàdì ìrántí lórúkọ, ìdí nìyẹn tí díìsìkì kọ̀ọ̀kan fi ní tirẹ̀. Ẹ ṣẹ̀dá fáìlì ọ̀rọ̀ kan, ff7.m3u, kí ẹ kọ orúkọ CHD mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú rẹ̀, ọ̀kan lórí ìlà kan. Òun ni kí ẹ máa ṣí. Tí díìsìkì bá tó pààrọ̀, ẹ lọ sí Disc Control nínú mẹ́nù RetroArch: Eject Disc, ẹ yan nọ́ńbà, lẹ́yìn náà Insert Disc.

Mo séèfù nínú géèmù, bátìrì kú, gbogbo rẹ̀ pòórá. (Òǹkàwé kan, London)

Ìgbà tí ẹ bá ti géèmù pa ni RetroArch sábà máa ń kọ fáìlì .srm, ibi tí séèfù yín wà, sórí káàdì. Ní Settings, Saving, ẹ fi SaveRAM Autosave Interval sí 30 (ìṣẹ́jú àáyá), kí ẹ sì lo Save Current Configuration.

Ṣé PS2 á lọ lórí rẹ̀? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

Rárá. Ṣíìpù RK3326 àti RAM 1 GB tó wà nínú R36S tó PS1 dáadáa; nínú ti Nintendo 64 àti Dreamcast, òmíràn á lọ, òmíràn á máa fà. PS2 kò sí níbẹ̀, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí.