Èsì: "put it off" ni, kì í ṣe "put off it"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè ìdí tí wọ́n fi fagi lé "We put off it" tí ẹ kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Ibi tí ẹ fi "it" sí ló fà á. "We put it off" ni: a sún un síwájú.

Arọ́pò-orúkọ bí "it" tàbí "them" gbọ́dọ̀ wọ àárín "put" àti "off". Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, "put off the meeting" àti "put the meeting off", méjèèjì ló dáa. Àmọ́ tó bá gùn jàn-ànràn, ẹ jẹ́ kó kẹ́yìn.

Tí ọ̀rọ̀-ìṣe bá tẹ̀lé "put off", "-ing" ló ń gbà: "I keep putting off calling him". "To call" kọ́ o. Ó ti mú èmi náà rí.

"Call off" yàtọ̀. Ìyẹn ni ká fagi lé e pátápátá.