Ẹ má tíì ti iná bọ èpò Akíntọ́lá yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ ní èpò tí a ń pè ní Akíntọ́lá ti bo ilẹ̀ ìjẹko tí ẹ rà lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, pé àwọn màlúù yín kò rí eruwà jẹ mọ́, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ti iná bọ̀ ọ́ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí kí ilẹ̀ lè mọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ fara balẹ̀ ná, nítorí ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn ní ọ̀dàn tèmi ní Òkè-Ògùn, ọdún mẹ́ta gbáko ni mo sì fi jìyà rẹ̀.

Igi Akíntọ́lá tó ti gbẹ ń jó bí ẹni pé a da epo sí i. Ọwọ́ iná náà gun orí igi irú méjì tí bàbá mi fi sílẹ̀, ó sì pa ọ̀kan. Nígbà tí eérú tutù, inú mi dùn pé ilẹ̀ ti mọ́. Ṣùgbọ́n òjò kejì kò tíì dá tí gbogbo kùkùté fi ń rúwé. Mo kúnlẹ̀ ti ọ̀kan: níbi tí igi Akíntọ́lá méjì wà tẹ́lẹ̀, ọ̀mùnú mẹ́sàn-án ni mo kà. Eruwà tí òjìji rẹ̀ ti bò mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ yìí kò lágbára tí yóò fi bá a du ilẹ̀. Mi ò sọ pé iná kò wúlò rárá o. Níbi tí eruwà ṣì pọ̀, iná a máa pa Akíntọ́lá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù kí ó tó di kùkùté, eruwà á sì tún yọ. Ṣùgbọ́n èyí tó ti ga ju ènìyàn lọ ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni orísun rẹ̀, láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, wọ́n sì gbà pé inú irúgbìn igi Gmelina tí wọ́n kó wá láti Sri Lanka ní nǹkan bí ọdún 1937 ni ó bá wọ Nàìjíríà. Níbòmíràn, Awólọ́wọ̀ ni wọ́n ń pè é. Mo fi àríyànjiyàn ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn olóṣèlú. Ohun tó kàn wá ni pé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ nílé rẹ̀ kò bá a wá, tata tó ń ba ẹ̀gẹ́ wa jẹ sì fẹ́ràn òdòdó rẹ̀.

Àdá nìkan kò ràn mí lọ́wọ́, bí ẹ ti ń gé e ni yóò máa rú. Ọkọ́ ló gbà mí. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn púpọ̀, ó sì rọrùn láti hú nígbà tí òjò ti mu ilẹ̀ dáadáa. A hú kùkùté náà tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, a gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, a sì da gbòǹgbò kọjú sí oòrùn. Ibi tí eruwà ṣì kù sí ni a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe àárín igbó, a sì ń gbìn ìdí eruwà sí ojú ibi tí a hú. A kò jẹ́ kí màlúù débẹ̀ títí eruwà fi múlẹ̀, nítorí wọn a máa jẹ eruwà tán kí wọ́n sì fi Akíntọ́lá sílẹ̀, ọ̀mùnú rẹ̀ sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Ẹ parí èyí kí òjò tó kásẹ̀ nílẹ̀, kí ó má baà tanná. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èso rẹ̀ onírun wẹ́wẹ́ ń bá afẹ́fẹ́ lọ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹ gbọn ṣòkòtò yín kí ẹ tó ti ibẹ̀ wọ inú eruwà.