Àwọn Tí Ìtàn Ìsàgatì Mafeking Fò Kọjá

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Gbogbo ohun tí mo kà nípa ìsàgatì Mafeking ní Gúúsù Áfíríkà, Baden-Powell, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ṣọ́ ìlú náà, àti àwọn òyìnbó rẹ̀ nìkan ni wọ́n sọ. Ṣé kò sí ẹlòmíràn nínú ìlú náà ni? Níbo ni mo ti lè rí wọn?

ÌDÁHÙN: Wọ́n wà níbẹ̀, àwọn gan-an ló sì pọ̀ jù. Láti 13 Oṣù Kẹwàá 1899 dé 17 Oṣù Karùn-ún 1900, ọjọ́ 217, ni àwọn Boer, òyìnbó ìran Dutch tó ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà, fi sàga ti ìlú náà. Ìlú àwọn Barolong, ẹ̀yà Tswana kan, ti wà létí odò Molopo kí òyìnbó tó kọ́lé síbẹ̀; àwọn ló gbé ìbọn ṣọ́ apá ibẹ̀. Mathakgong, ọ̀kan nínú àwọn Barolong, a máa kó èèyàn jáde lóru lọ gba màlúù lọ́wọ́ Boer. Àwọn Mfengu, ẹ̀yà aláwọ̀ dúdú mìíràn, jà; àwọn tí wọ́n ń pè ní “Cape Boys”, àwọn aláwọ̀ àdàlù láti Cape, náà jà.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn dunni jù ni àwọn àlejò tí ogun ká mọ́ ibẹ̀, tí kò ní oko, tí kò ní ìbátan. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n, àwọn ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n máa rìn lọ sí Kanye, ìlú kan ní Botswana òde òní, láàárín àwọn Boer tó yí ìlú ká. Ìbọn pa púpọ̀ nínú wọn lọ́nà. Àwọn tó kù ń jẹ ọbẹ̀ ẹṣin àti sowens: èèpo ọkà óòtì ni, wọ́n á rẹ ẹ́ títí yóò fi kan, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á gbé omi rẹ̀ kaná títí yóò fi ki. Ẹni tó bá ní owó, yóò san án kí wọ́n tó bù fún un.

Ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ Sol Plaatje ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ọmọ Barolong ni, ògbufọ̀ ilé ẹjọ́ ní Mafeking, ọmọ ọdún 23 nígbà náà. Ọdún 1973 ni wọ́n tó tẹ ìwé náà jáde. Ẹ ṣọ́ra o: 29 Oṣù Kẹwàá 1899 ló bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró ní òpin Oṣù Kẹta 1900. Ẹ kò ní rí 12 Oṣù Karùn-ún níbẹ̀, ọjọ́ tí Eloff, ọ̀gá ológun Boer kan, gba ìlú Barolong wọlé, tí àwọn Barolong sì dí ọ̀nà mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìròyìn àwọn ọ̀gá ológun lẹ ó kà fún ìyẹn. Níbi tí wọ́n bá ti kọ “native” (ọmọ ìbílẹ̀) láìsí orúkọ, ẹ béèrè pé apá ibo nínú ìlú ni: bó bá jẹ́ létí Molopo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Barolong, bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe bíríkì, ẹ wo àwọn “Cape Boys”.