Ṣé dandan ni kí manga ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ìwé?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, ti ya manga, ìyẹn ìtàn aláwòrán bíi ti Japan, kún odindi ìwé kan. Ẹ̀yìn ìwé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Japan nìyẹn. Tíṣà rẹ̀ ní kó yí i padà. Yorùbá ló fi ń kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ta ni ká gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Tíṣà ló jàre, àmọ́ ọmọ yín ò purọ́.

Ní Japan, òkè ni ìlà ọ̀rọ̀ inú manga ti ń bọ̀ wá sílẹ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e á sì bọ́ sí apá òsì. Ọ̀tún ni ojú òǹkàwé ti ń bọ̀, àwòrán náà sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìwé wọn fi ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí àwa ń pè ní ẹ̀yìn.

Nígbà tí manga ń wọ Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ rò pé kò sẹ́ni tó máa ra ìwé tó ń ṣí láti ẹ̀yìn. Ni wọ́n bá ń yí àwòrán padà bí ìgbà téèyàn ń wo dígí. Akira, manga tí Katsuhiro Otomo yà, tí Marvel, iléeṣẹ́ kọ́míìkì Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní 1988, wọ́n yí i, wọ́n tún kun ún lọ́dà. Ẹ wo ohun tíyẹn ń fà: ìbàdí òsì ni samurai, jagunjagun Japan àtijọ́, ń fi idà sí, kí ọwọ́ ọ̀tún lè fà á yọ. Yí àwòrán yẹn, idà bọ́ sí ọ̀tún, gbogbo ọmọ ogun sì di ọlọ́wọ́ òsì. Nígbà tí wọ́n tẹ manga tó ń jẹ́ Dragon Ball ní Jámánì ní 1997, wọn ò yí i mọ́. Tokyopop, iléeṣẹ́ tó ń tẹ manga, náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2002. Látìgbà náà ni ṣíṣí láti ẹ̀yìn ti di àmì ojúlówó lójú àwọn ọ̀dọ́.

Ìwé tí wọ́n túmọ̀ nìyẹn o. Tọmọ yín, Yorùbá ni wọ́n ti kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní bàbá wà lápá ọ̀tún, ó ń béèrè pé, "Ta ló jẹ ẹran yìí?" Ọmọ wà lápá òsì, ó ní, "Èmi kọ́!" Òǹkàwé wa á ti pàdé "Èmi kọ́!" kó tó mọ̀ pé ẹran sọnù.

Mauricio de Sousa, ayàwòrán kọ́míìkì ní Brazil, kọ́ ọgbọ́n manga, kò yí ìwé. Ní 2008 ló gbé kọ́míìkì Turma da Mônica Jovem jáde: ojú ńlá, dúdú àti funfun bíi ti Japan, ó sì ń ṣí bí ìwé Potogí. Kọ́míìkì Iyanu tí Roye Okupe, ọmọ Nàìjíríà, kọ náà ń ṣí láti apá òsì. Osamu Tezuka fúnra rẹ̀, tí gbogbo ayé ń pè ní bàbá manga, ọ̀dọ̀ Disney ló ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀.

Ohun tó yẹ kí ọmọ yín mú lára manga ni bó ṣe ń fa àkókò gùn: odindi ojú-ìwé lè lọ lórí ọwọ́ tó ń ṣí ilẹ̀kùn, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Àmọ́ kó má ṣe jẹ́ kí àyè tó ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn inú àwòrán sí tóóró kó sì ga bíi tiwọn. Ìlà tó ń lọ sílẹ̀ ló mú tiwọn rí bẹ́ẹ̀. Tiwa ń fẹ́ fífẹ̀, kó sì fi àlàfo sáàárín ìlà méjì, torí àmì ohùn wà lókè, àmì abẹ́ lẹ́tà wà nísàlẹ̀, wọ́n á máa kọlu ara wọn. Bó bá ń lo kọ̀ǹpútà, kó kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà “ẹ́” àti “ọ̀” wò. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì kọ́míìkì, ìyẹn irú lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà, ni kò lè gbé e.

Ẹ jẹ́ kó parí ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ. Títún un yà lè sú u, àwòrán lè ti ibẹ̀ dópin. Èyí tó kàn ni kó bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Bó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìdíje ní Japan, irú èyí tí iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè wọn dá sílẹ̀ ní 2007, kó ka òfin wọn kó tó fa ìlà àkọ́kọ́.