Ọmọ mi ní ẹ̀rù ló ń ba àwa ará Nàìjíríà

Ìbéèrè

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ wà lókè òkun, ẹ gbà mí o.

Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún 15. Manchester la wà, ṣùgbọ́n ọmọ Òjé n'Ìbàdàn ni mí, ibẹ̀ sì ni màmá mi wà dòní. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Kẹ́hìndé ní òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun fẹ́ lọ ṣe ìwọ́de ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí bí àwọn ọlọ́pàá ṣe ń dá àwọn ọmọ dúdú dúró lójú títì tí wọ́n á máa tú wọn lápò. Mo ní kò lọ síbì kankan. Ọmọ yìí wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, ìṣòro ẹ̀yin ará Nàìjíríà nìyẹn. Ẹ̀rù ló ń bà yín. Wọ́n ń rẹ́ yín jẹ, àdúrà lẹ̀ ń gbà." Táyé ń rẹ́rìn-ín sínú.

Mo pe màmá mi kí wọ́n lè bá mi bá a wí. Wọ́n ní, "Sọ fún un kó jókòó sílé. Ojú èmi ti rí i." Wọn ò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ń dùn mí, torí mi ò rí èsì fún un. Ṣé lóòótọ́ ni pé a ò lẹ́nu ọ̀rọ̀? Ṣé kí n jẹ́ kó lọ?

Ìyá Ìbejì, Manchester

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ó jèrè wọn o.

Ọ̀rọ̀ tí màmá yín sọ ni mo fẹ́ dì mú ná. "Ojú èmi ti rí i." Kí lojú wọn rí? Ṣé ẹ bi wọ́n? Ẹni tó dàgbà ní Òjé, tó sì ti lé dáadáa ní ọdún 65, kò lè ṣàìmọ ariwo Àgbẹ̀kọ̀yà, ìyẹn ìgbà tí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá dìde lòdì sí owó orí ní 1968 sí 1969. Irọ́ ni Kẹ́hìndé pa, ṣùgbọ́n àwa òbí la kọ́ ọ nírọ́ náà, torí a ò sọ ìtàn fún un.

Èmi náà jẹ̀bi. Ní 2020, lẹ́yìn tí ọlọ́pàá pa George Floyd ní Minneapolis, ọmọ mi obìnrin ní òun ń lọ sí ìwọ́de. Mo kọ̀. Ó ní kò burú, òun fẹ́ lọ kàwé nílé ọ̀rẹ́ òun. Ìgbà tí ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù ni mo rí i pé páálí ló gbé dání, kì í ṣe ìwé. Bí a ṣe máa ń ṣe, mo pe bàbá mi n'Ìbàdàn kí wọ́n bá mi jágbe mọ́ ọn. Wọn ò jágbe. Wọ́n bi í pé, "Ẹ tó mélòó tẹ́ ẹ lọ?"

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹni tó bí mi lọ́mọ, èmi tí mo ti lé lẹ́ni ogójì ọdún.

Abúlé kan lọ́nà Àkànrán ni bàbá àgbà ti ń dáko kòkó. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, ìjọba ń wówó, owó orí wá di ẹrù lórí àgbẹ̀. Kòkó tí wọ́n fẹ́ tà láti fi san án, ìjọba náà ló ń dá iye rẹ̀. Ọ̀nà oko ò ṣeé gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù á dé ní ìdájí, wọ́n á máa lé ọkùnrin kiri bí ẹran. Bàbá mi ò ju ọmọ ọdún 11 lọ nígbà náà. Òun ló ń gbé ẹ̀kọ lọ fún bàbá àgbà lábẹ́ igi kòkó tí wọ́n ń sùn sí, bí akódà bá sì bi í léèrè, kó ní wọ́n ti lọ sí Ìjẹ̀bú. Rìsíìtì owó orí wà nínú agolo tábà lókè àjà. Agolo náà ṣì wà. Bàbá ṣí i fún ọmọ mi lórí fídíò: ìwé náà ti pọ́n bí omi tíì, ikán sì ti jẹ ibi tí wọ́n kọ iye owó sí gẹ́lẹ́. Ọmọ mi ní ikán náà ò fẹ́ san.

Àwọn àgbẹ̀ fẹjọ́ sùn títí, kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ní oṣù kọkànlá 1968, wọ́n rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn Màpó, ó sì di ohun tí ẹ̀mí bá lọ. Ìjọba Gómìnà Adébáyọ̀ ti Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀. Wọ́n dín owó kù díẹ̀, àgbẹ̀ ní kò tó. Ohun tí wọ́n ń ké kiri ni "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà là ó san!"

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí. Ọ̀kẹ́ kan, 20,000 owó ẹyọ ni. Nígbà tí owó òyìnbó dé, wọ́n kà á sí ṣílè márùn-ún, ọ̀kẹ́ mẹ́fà wá jẹ́ ṣílè 30. Owó ẹyọ ti kúrò lọ́jà tipẹ́tipẹ́ ní 1968, síbẹ̀ ìṣirò baba wọn ni wọ́n fi dá iye tí wọ́n máa san. Akọ̀wé káńsù tó bá fẹ́ dá wọn lóhùn, àfi kó kọ́kọ́ lọ béèrè iye tí ọ̀kẹ́ jẹ́. Kò síbi tó dùn mọ́ mi tó ibẹ̀ yẹn.

Mi ò ní bu oyin sí ìyókù. Ní 1969 ni wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn yìí kan náà. Ní oṣù kẹsàn-án, àwọn àgbẹ̀ wọ Ìbàdàn, wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀, ẹlẹ́wọ̀n tí ò mọ nǹkan kan nípa owó orí sì bá wọn sá jáde. Ìbọn dún, òkú sùn. Ìgbẹ̀yìn ni Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, lọ bá Táfà Adéoyè, olórí wọn, lọ́hùn-ún lọ́nà Àkànrán, tí wọ́n sọ ọ́ lásọyé. Pọ́n-ùn méjì, ìyẹn ṣílè 40, ni owó orí já sí. Bàbá mi kà á fún ọmọ mi: "Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ. Mẹ́fà la bèèrè, mẹ́jọ ni wọ́n gbà. Ó ṣeé san."

Ẹ̀rù màmá yín nìyẹn o. Ẹni tó mọ iye tí ọ̀rọ̀ ná èèyàn ni ẹ̀rù ń bà bẹ́ẹ̀.

Ní ti Sátidé, ẹ̀yin lẹ mọ ọmọ yín. Ìgbà kejì tí tèmi ní òun ń lọ, mo bá a lọ. Mo wọ bàtà tó ṣeé sá, mo fi báírò kọ nọ́ńbà mi sí i lápá, mo ní òkúta kan péré tẹ́nìkan bá sọ, ilé yá. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí a fi padà délé, ẹsẹ̀ sì dùn mí fọ́jọ́ mẹ́ta. Bí ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ló ń bà yín lẹ́rù, ẹ sọ ọ́ fún un láìfi bò, kó má baà máa rò pé ojo ni yín. Kẹ́ ẹ sì bi òun náà léèrè: kí gan-an ni wọ́n fẹ́ kí ọlọ́pàá ṣe? Bí kò bá lè sọ ọ̀kẹ́ mẹ́fà tirẹ̀, kó lọ wá a rí kó tó gbé páálí.

Ṣùgbọ́n kí Sátidé tó dé, ẹ pe màmá. Ẹ ṣí ohùn fóònù sókè kí àwọn ìbejì lè gbọ́. Ẹ kàn ní, "Màmá, ọ̀kẹ́ mẹ́fà…" kẹ́ ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn parí ẹ̀.

Bàbá Àjọkẹ́, Leeds