Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta Ló Wà Lórí Ẹṣin Nínú Fíìmù Kọ́bọ́ì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá mi fẹ́ràn fíìmù kọ́bọ́ì ayé àtijọ́, a sì jọ máa ń wò ó nílé wa ní Ṣágámù. N kì í sábà rí ènìyàn dúdú láàrin àwọn tó ń gẹṣin da màlúù, ojú àwọn Réèdì Íńdíà tí wọ́n ń bá jà náà sì jọ ti òyìnbó. Ṣé bó ti rí nìyẹn lóòótọ́? — Ọmọ Rẹ́mọ

ÌDÁHÙN: Ẹ ríran dáadáa, Ọmọ Rẹ́mọ, àwọn tó ṣe fíìmù ni kò sọ gbogbo òótọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ló gba iṣẹ́ darandaran ní Texas àti agbègbè rẹ̀, débi pé àwọn òpìtàn kan fojú bù ú pé ọ̀kan nínú kọ́bọ́ì mẹ́rin ni ó jẹ́ dúdú. Bass Reeves, tí wọ́n bí sínú ẹrú, di agbófinró ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe é ju ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ní ti àwọn Réèdì Íńdíà, àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, ọ̀rọ̀ wọn máa ń bí mi nínú. Nínú Broken Arrow (1950), Jeff Chandler, ọmọ Júù láti Brooklyn, ni wọ́n fi ṣe Cochise, olórí àwọn Apache, nígbà tí Jay Silverheels, ọmọ Mohawk, ẹ̀yà Réèdì Íńdíà gidi, láti Kánádà, gba ipa kékeré nínú fíìmù kan náà. Bí ẹ bá tún wo The Searchers (1956), ẹ dúró de ibi tí John Wayne àti olórí àwọn Comanche ti kojú ara wọn, kí ẹ sì wo ẹyinjú olórí náà: aró ni, nítorí Jámánì ni wọ́n ti bí Henry Brandon tó ṣe é. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ lórí ẹṣin, ọmọ Navajo ni wọ́n, ẹ̀yà Réèdì Íńdíà mìíràn, àwọn tó ni ilẹ̀ tí wọ́n ti ya fíìmù náà.

Owó ló fà á jù. Àwọn ilé iṣẹ́ Hollywood gbà pé orúkọ òyìnbó tó ti lókìkí nìkan ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Òfin tí wọ́n fi ń ṣọ́ sinimá kò sì gba ìbálòpọ̀ láàrin funfun àti dúdú láàyè títí di 1956. Bẹ́ẹ̀, ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Hubert Ogunde ọmọ Òsósà ń kó ẹgbẹ́ eré rẹ̀ kiri, kò sì sí ẹni tó ní kó lọ wá àjèjì wá ṣe ọba fún un.

Ẹ bá bàbá wá Sergeant Rutledge (1960), níbi tí Woody Strode ti ṣe ọmọ ogun dúdú tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn. Òun ni ìtàn náà dá lé lórí, síbẹ̀ orúkọ Jeffrey Hunter, tó ṣe agbẹjọ́rò rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ kọ.

ÌBÉÈRÈ: Ta ni obìnrin tó ni ilé ọtí nínú fíìmù kọ́bọ́ì High Noon? — Olùkà, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Katy Jurado ni, ọmọ Mẹ́síkò. Nínú fíìmù ọdún 1952 náà, òun ló ni ilé ọtí, ó tún ní ìpín nínú ilé ìtajà kan tí òyìnbó ń bá a mójú tó. Ní 1954, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ Réèdì Íńdíà, ìyàwó Spencer Tracy, nínú Broken Lance, ipa yẹn ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ yàn án mọ́ àwọn tó ń du ẹ̀bùn Oscar.