Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Lẹ́yìn Tí Orin Kan Bá Ti Gba Ìgboro Kan

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọrin, ó sì ti gbé orin mélòó kan jáde tí ẹnikẹ́ni kò kà sí. Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn ṣàdédé gba ìgboro kan, láti ìgbà náà ni kò sì ti sí òde tí wọ́n pè é sí tí wọn kì í ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Agbátẹrù rẹ̀ ní kó tètè ṣe méjì sí i tó jọ ọ́, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn. Ṣé orin tó gbé olórin jáde ni yóò máa darí rẹ̀ títí ni? Báwo ló ṣe rí fún àwọn àgbà olórin wa? (Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa, a sì bá àbúrò yín yọ̀. Èrò tèmi ni pé orin tó gbajúmọ̀ kọ́ ló ń dá olórin. Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan tí olórin mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn olùgbọ́ yóò mú ẹyọ kan, ẹyọ kan náà ni wọn yóò sì máa fi dá a mọ̀. Ohun tó kù sọ́wọ́ olórin ni bí yóò ṣe lo agbára tí òkìkí yẹn fún un, kí agbára náà tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kò sí ìtàn tó fi èyí hàn bíi ti Sunny Adé, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni irú òkìkí bẹ́ẹ̀ dé bá a.

Sunny Adé, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Sunday Adéníyì Adégẹ̀yẹ, ọmọ ìdílé ọba Oǹdó tí wọ́n bí sí Òṣogbo ní 1946, kọ́kọ́ ṣeré lẹ́yìn Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa padà wá mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kó tó dá ẹgbẹ́ Green Spots tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀dà 13 péré ni àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ tà. Lẹ́yìn náà ni ó kọ Challenge Cup, tó fi yin ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores ti Èkó, àwọn tó gba ife náà ní 1967 tí wọ́n sì tún gbà á ní 1968, orin náà sì tàn ká. Ìdùnnú ti wà nílẹ̀ láàárín àwọn ará Èkó kí olórin tó dá sí i. Ohun tó ṣe fún wọn ni pé ó fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Nípasẹ̀ rẹ̀, orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí wọ ilé àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ka jùjú kún.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé orin yìí kò sọ ọ́ di olórin eré bọ́ọ̀lù. Ohùn òkè tó fi ń kọrin nígbà náà, ìlànà Túndé Nightingale, àgbà olórin jùjú, ni ó ń tọ̀ lẹ́yìn, kò sì pa á tì nítorí pé àwo kan tà. Ohun tó yí padà ni ipò àwọn tó ń pè é sóde. Nínú iṣẹ́ jùjú, owó àwo nìkan kọ́ ló ń bọ́ ẹgbẹ́ olórin. Àwo ló ń polówó rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣe ìsìnkú, ìgbéyàwó tàbí ìṣílé, òde wọn yìí sì ni wọ́n ti ń lẹ owó mọ́ olórin níwájú orí bó bá ti ń kì wọ́n. Nítorí náà, orin kan tó yọ lè má mú owó ńlá wá fúnra rẹ̀, kó sì jẹ́ òun ni yóò sọ irú àwọn tí olórin yóò máa kọrin fún ní ogún ọdún tó ń bọ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí àbúrò yín fi ọkàn sí jù rèé. Ilé-iṣẹ́ African Songs ló ń gbé àwo Sunny Adé jáde nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwo rẹ̀ ló sì ń tà wàràwàrà, ṣùgbọ́n nígbà tó di 1974, ọ̀rọ̀ àdéhùn ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn títí dé kóòtù. Nígbà tó jáde nínú rẹ̀, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ rẹ̀ padà sí African Beats, ó sì dá Sunny Alade Records tirẹ̀ sílẹ̀. Àwọn olùgbọ́ tẹ̀ lé e lọ, nítorí pé olórin ni orin àkọ́kọ́ yẹn ti so wọ́n mọ́, kì í ṣe ilé-iṣẹ́ tó tẹ àwo. Ìgbà tí ó sì ti di ọ̀gá ara rẹ̀ ni ó mú gìtá onírin alátẹ́lẹ̀ wọ inú jùjú, èyí tí Démọ́lá Adépọ̀jù ń ta: yóò jókòó, okùn gìtá yóò nà gbalaja níwájú rẹ̀, yóò máa fi irin dídán kan rìn lórí wọn, yóò sì máa fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì nísàlẹ̀, ohùn náà yóò sì máa fà láti ìsàlẹ̀ dé òkè láìjá. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un wá, kò sì sí ohun tó jọ ọ́ nínú Challenge Cup, síbẹ̀ lónìí, bí a bá gbọ́ ohùn yẹn, Sunny ni ó ń wá sí wa lọ́kàn.

Òkìkí kejì ti òkè òkun wá. Bob Marley kú ní oṣù karùn-ún ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Island tó ń gbé orin rẹ̀ jáde sì ń wá olórin mìíràn tí yóò là ayé já. Ní 1982, wọ́n gbé Juju Music jáde fún Sunny Adé, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Martin Meissonnier, ló sì bójú tó o. Nílé, ojú kan àwo jùjú lè máa lọ bí ogún ìṣẹ́jú láìdúró, orin kan yóò máa wọnú òmíràn bó ṣe máa ń rí lóde àríyá, ṣùgbọ́n wọ́n gé ti Island sí orin 7 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí àwọn mélòó kan nínú wọn kì í ṣe tuntun sí etí àwọn tó wà nílé. Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, ó sì gbé orúkọ rẹ̀ wọ ìdíje Grammy. Ní 1984, Aura jáde, Stevie Wonder fọn hàmóníkà nínú rẹ̀. Ọjà náà kò tó bí ilé-iṣẹ́ ti rò, òun àti Island túká, kò sì pẹ́ sí ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi í sílẹ̀.

Ohun tí kò jẹ́ kí èyí pa á ni pé kò fìgbà kan dáwọ́ dúró láti máa gbé àwo jáde nílé ní gbogbo àkókò tó fi wà pẹ̀lú Island. Ó padà sọ́dọ̀ àwọn olùgbọ́ tí kò ṣá tì rí. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ tún wọ ìdíje Grammy, Odù ti 1998 ló gbé e débẹ̀, àwo tó kún fún orin ìbílẹ̀ Yorùbá.

Ní ti pé kó ṣe méjì sí i tó jọ ọ́, Ṣínà Peters ni mo fẹ́ kó wò. Ace, tó jáde ní 1989, kì í ṣe iṣẹ́ akọ́ṣẹ́: ó ti ṣeré lẹ́yìn Prince Adékúnlé, òun àti Ṣẹ́gun Adéwálé ti jọ darí ẹgbẹ́ kan, ó sì ti ní ẹgbẹ́ tirẹ̀. Pẹ̀lú Láolú Akins tó bójú tó àwo náà, ó mú eré jùjú yá kánkán, ó sì ki ìlù tó fara pẹ́ ti fújì sí i. Gbogbo ìlú ya wèrè sí i, wọ́n pe wèrè náà ní Shinamania, orúkọ náà gan-an ni àwo tó tẹ̀ lé e ní 1990 sì jẹ́. Lójú tèmi, kò sí èyí tó dé ibi tí Ace dé nínú àwọn tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé eré kánkán náà ni àwọn olùgbọ́ ń bi í léèrè nígbà gbogbo. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí àwo kan ṣoṣo yẹn ti ń mú un lọ sóde. Agbátẹrù àbúrò yín kò wí ohun burúkú, nítorí náà. Kí àbúrò yín ṣe ọ̀kan tó jọ ọ́, kó ṣe ọ̀kan tó wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó ṣe èyíkéyìí, kó mú ìwé àdéhùn tó tọwọ́ bọ̀ lọ bá agbẹjọ́rò, kó mọ ẹni tó ni orin tó ti gbà sílẹ̀ àti iye ọdún tí àdéhùn náà yóò fi dè é.

ÌBÉÈRÈ: Mo gbọ́ pé Fẹlá kì í kọ orin tó bá ti wà nínú àwo mọ́ lórí ìtàgé. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló dé tí èyí kò fi lé àwọn olùgbọ́ rẹ̀? (Òǹkàwé láti Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni. Jẹun Kóòkú ti 1971 ló sọ òun náà di ẹni àpéwò, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tó ti ń po háíláìfù mọ́ jáàsì pẹ̀lú Koola Lobitos, àti lẹ́yìn ìrìn àjò rẹ̀ sí Amẹ́ríkà ní 1969. Oníwọra ni orin náà ń bá wí. Kò bá ìjọba jà rárá. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ìlú kọ́kọ́ yàn ni ó tẹ̀ lé, a kì bá tí gbọ́ Zombie, orin tó fi bú àwọn ológun. Èrò tí orin náà kó jọ fún un ni ó dì mú, ó sì ń sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún wọn.

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé ó ní Shrine, ilé ijó tirẹ̀ ní Èkó. Orin tí kò tíì wọ inú àwo ni àwọn èèyàn ń wá gbọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti máa ń kọ ọ́ léraléra, tí yóò máa tún un ṣe, kó tó gbé e lọ sí ilé ìgbohùnsílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ti àtijọ́ yóò lọ ra àwo. Olórin tó jẹ́ pé òde ìgbéyàwó ni wọ́n ń pè é sí kò lè dán èyí wò, nítorí pé ẹni tó sanwó fún un ló ni òde, orin tí òun àti àwọn àlejò rẹ̀ mọ̀ ni wọ́n sì tìtorí rẹ̀ pè é.